Ojú Tí A Yá



Àwọn àgbà sọ ẹ̀rọ tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ní orúkọ kan: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ tirẹ̀, kò dúró gba èsì. Ẹ bú u, kò gbọ́. Ẹ yìn ín, kò dúpẹ́. Orúkọ yẹn bá gbogbo iṣẹ́ rédíò mu, àfi lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, gbogbo wa la máa ń dá a lóhùn. Bàbá mi kì í pariwo. Bí wọ́n bá fẹ́ bá ọmọ wí, ojú ni wọ́n fi ń bá a wí. Ṣùgbọ́n mo rí wọn tí wọ́n fò dìde níwájú rédíò, tí wọ́n nàka sí i, tí wọ́n ń ké pé, "Gbá a! Kí lò ń dúró wò? Gbá a sílé!" Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń bá wí wà ní Sùúrùlérè l'Ékòó, àwa wà n'Ìbàdàn. Ẹnì kan ló dúró láàárín wa, ẹni tí a kò rí rí, tí a ò mọ̀ bóyá ó ga ni tàbí ó kúrú. Ẹni yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí: sọ̀rọ̀sọ́rọ̀ orí pápá, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kọmẹntétọ̀.

Ọjọ́ tí bàbá mi fò dìde yẹn, ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980 ni, Sátidé. Nàìjíríà àti Algeria ló pàdé nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ààrẹ Shehu Shagari wà níjòókòó, pápá ìṣeré kún dẹ́nu. Eré ò tíì ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí fi gbá àkọ́kọ́ sáwọ̀n. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ó ti tún fi ọ̀kan lé e. Nígbà tí wọ́n padà dé, Múdà Láwàl gbá ẹ̀kẹta wọlé. Mẹ́ta sódo. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ife náà máa wọ ilẹ̀ wa.

Ẹni tó gbé eré náà wá sínú pálọ̀ wa ni Ernest Okonkwo ti Radio Nigeria. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì tó kún fọ́fọ́. Ìyá mi kò gbọ́ ju ẹ káàárọ̀ lọ nínú èdè náà, síbẹ̀ wọn ò kúrò nídìí rédíò, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Bí ohùn ọkùnrin náà bá ń rìn jẹ́jẹ́ nílẹ̀, bọ́ọ̀lù wà láàárín pápá. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bọ́ọ̀lù ti ń sún mọ́ ilé ẹnì kan. Ilé ta ni? Wọ́n á ní, "Bó bá jẹ́ ilé tiwa ni, ohùn rẹ̀ á dà bí ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń rá lọ sétí kànga." Wọn kì í ṣì í.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ èmi náà ti ń jẹun nídìí rédíò nígbà náà. Ìtàn kan ló là mí lójú, ìtàn afọ́jú kan sì ni.

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1927 ni, ní Twickenham lẹ́bàá London. England àti Wales fẹ́ gbá rọ́gíbì, bọ́ọ̀lù tó rí gbọọrọ bí ẹyin yẹn. Iléeṣẹ́ BBC kò tíì gbé irú eré bẹ́ẹ̀ sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ rí. Wọ́n wá ọkùnrin kan tó ti gbá rọ́gíbì rí, Teddy Wakelam, wọ́n fi í sínú àhéré kan tó kọjú sí pápá. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣépè. (Ẹni tó bá mọ bí inú àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí ṣe ń gbóná nídìí eré á mọ̀ pé àwọn ọ̀gá yẹn ò ṣàṣejù.) Wọ́n wá mú afọ́jú kan wá láti St Dunstan's, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tí ogun gba ojú wọn. Wọ́n ní kó jókòó síwájú fèrèsé àhéré náà, wọ́n sì sọ fún Wakelam pé ọkùnrin yìí ni kó máa sọ ọ́ fún.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Afọ́jú kì í bèèrè bóyá eré dùn. Ibi tí bọ́ọ̀lù wà ló fẹ́ mọ̀, ẹsẹ̀ ta ló wà, ibo ni onítọ̀hún kọjú sí, ta ló ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ló wá yá. Ẹni tó bá sì yáni lójú, kò yẹ kó máa fi ojú ọ̀hún wo ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n gbé e dé ìdí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá: Arsenal àti Sheffield United ní Highbury, wọ́n ta ọ̀mì, ọ̀kan sọ́kàn. Àwọn BBC ò tíì fọkàn tán ẹnu nìkan. Wọ́n ya àwòrán pápá sínú ìwé ìròyìn wọn, Radio Times, wọ́n pín in sí ojú mẹ́jọ, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ojú kọ̀ọ̀kan. Bí Wakelam ti ń sọ̀rọ̀, ẹnì kejì rẹ̀ á máa ké nọ́ńbà ojú tí bọ́ọ̀lù wà, ará ilé á sì máa fi ìka tọ̀ ọ́ lórí ìwé bí ẹni ń ta ayò ọlọ́pọ́n. Ẹ wo wàhálà! Ìyá mi ò ní ìwé kankan, ohùn ni wọ́n fi mọ nọ́ńbà.

Ká má purọ́, Amẹ́ríkà ti ṣáájú wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1921, Harold Arlin, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Westinghouse, ti sọ bésíbọ́ọ̀lù lórí iléeṣẹ́ rédíò KDKA ní Pittsburgh. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ níbẹ̀ ni Red Barber, tó ń sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers. Barber máa ń gbé ìgò yanrìn kékeré kan síwájú, irú èyí tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tí ẹyin orí iná máa jinná. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni yanrìn fi ń sàn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá ti sàn tán, Barber á sọ iye tí eré dé, á dojú ìgò kodò, yanrìn á tún máa sàn. Kí ló dé? Nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò ni. Onítọ̀hún ò bẹ̀bẹ̀ fún ìtàn, iye ayò ló fẹ́ gbọ́.

Mo wọ takisí kan láti Ọjọ́ọ̀ lọ sí Challenge lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ lórí rédíò. Sọ̀rọ̀sọ́rọ̀ ọ̀hún, n ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀, sọ bí agbábọ́ọ̀lù kan ṣe gẹrun, ó sọ iye tí wọ́n rà á ní Yúróòpù, ó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń tà nígbà tó wà lọ́mọdé. A kọjá Mọ́kọ́lá, a kọjá Dùgbẹ̀, kò tíì sọ iye ayò. Awakọ̀ yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹbí ọmọ yìí ni ọ̀gbẹ́ni yẹn?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan rédíò yín: Nàìjíríà mẹ́ta, Algeria òdo.

Barber yìí kan náà ló rán ọmọdékùnrin kan níṣẹ́ lọ sí Boston ní oṣù kọkànlá ọdún 1949. Vin Scully lorúkọ ọmọ náà, ọmọ New York, kò tíì pé ẹni ọdún 22. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ń kọlu ara wọn bí àgbò, ló fẹ́ lọ sọ ní pápá Fenway Park. Scully rò pé wọ́n á fún òun ní yàrá, ló bá fi kóòtù àti ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó débẹ̀, kò sí yàrá. Orí òrùlé ni wọ́n ní kó gùn lọ, wọ́n fún un ní máíkì àti wáyà gígùn kan. Òtútù ibẹ̀ lásìkò náà kì í ṣe ti ọyẹ́ o. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ sápá ọ̀tún, Scully á fa wáyà rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún òrùlé. Bó bá padà, á fà á padà. Ó sọ ọ́ títí eré fi parí, kò sì fi ẹ̀ẹ̀kan sọ fún olùgbọ́ pé òtútù ń mú òun. Ẹnu ẹlòmíràn ni Barber ti wá gbọ́ ọ. Ní 1950, ó mú ọmọ náà wọ Dodgers.

Ibẹ̀ ni Scully wà títí di ọdún 2016. Sáà 67! Nígbà tí ẹgbẹ́ náà kó kúrò ní Brooklyn lọ sí Los Angeles ní 1958, ó bá wọn lọ. Púpọ̀ nínú ọdún wọ̀nyí, òun nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀, kò sí ẹnì kejì tí wọ́n á jọ máa tàkúrọ̀sọ. Ó máa ń sọ ọ́ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, rédíò ilé àwọn jẹ́ gbàǹgbà onẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Òun á rá wọ abẹ́ rẹ̀, òun á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kí ariwo èrò orí pápá lè máa dà sí òun lára. Ariwo yẹn ló fẹ́ràn kó tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀, mo sì rò pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi mọ bí a ti í dákẹ́. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Pápá tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní Los Angeles, Coliseum, tóbi kọjá ààlà. Ẹni tó bá jókòó sókè pátápátá, bí èèrà ló ń rí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ni àwọn èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rédíò kékeré wá sórí pápá. Wọ́n sanwó wọlé wá fi ojú ara wọn wòran, wọ́n tún ń yá ojú Scully! Lọ́jọ́ kan ní 1960, Scully rí i nínú ìwé pé ọjọ́ ìbí réfírí kan, Frank Secory, ni. Ó sọ fún àwọn tó gbé rédíò lọ́wọ́ pé bí òun bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí gbogbo wọn kí i kú ọjọ́ ìbí. Ó kà á. Gbogbo pápá sì hó gèè, wọ́n ké orúkọ ọkùnrin náà. Asọ̀rọ̀mágbèsì gba èsì lọ́jọ́ yẹn.

Ìdákẹ́jẹ́ wá ńkọ́? Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1974, ní Atlanta. Hank Aaron, ọmọ aláwọ̀ dúdú, ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri ní ìgbà 714, ó bá òyìnbó tí wọ́n ń bọ bí òrìṣà nídìí eré náà, Babe Ruth, dọ́gba. Láti oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ń kọ lẹ́tà sí Aaron pé àwọn á pa á bó bá dán an wò láti kọjá Ruth. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó gbá ìkarùndínlógún lé ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Scully sọ pé ó ti lọ. Lẹ́yìn náà, ó dìde nídìí máíkì, ó lọ dúró sẹ́yìn yàrá. Kò sọ nǹkan kan. Ariwo èrò ló ń lọ lórí afẹ́fẹ́, iná aláràbarà ń bú lójú ọ̀run, ìyá Aaron ti wà lórí pápá tó ń dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí Scully tó padà wá, ohun tó sì wá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ bésíbọ́ọ̀lù nìkan: pé ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, èrò dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin dúdú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dúró ti onílù dùndún rí, ẹ mọ ìgbà tí ìyáàlù máa ń dákẹ́ kí ẹsẹ̀ oníjó lè sọ tirẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ojú tí a yá ló wà níbi eré o. Láyé ọdún 1930, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rédíò ní Amẹ́ríkà ò fẹ́ náwó rán ènìyàn lọ sójú pápá. Wáyà ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́, ẹnì kan nínú yàrá rédíò á sì fi ẹnu ara rẹ̀ kún un bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ronald Reagan, tó di ààrẹ orílẹ̀-èdè náà ní 1981, ṣe irú iṣẹ́ yìí ní iléeṣẹ́ WHO ní Des Moines. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn pé bí òun ṣe ń "rí" eré ẹgbẹ́ Chicago Cubs lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, wáyà já. Bó bá jẹ́wọ́, àwọn olùgbọ́ á yí síbòmíràn. Ló bá ní ẹni tó di igi mú ti gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn ìlà. Ó tún gbá òmíràn sẹ́yìn ìlà. Ó tún gbá òmíràn. Ó ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ tó fi ń gbá sẹ́yìn ìlà, kí wáyà tó sopọ̀. Iṣẹ́ tí wáyà sì kọ́kọ́ jẹ́ ni pé bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n ti fi lé ọkùnrin náà jáde!

Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nísinsìnyí n kì í lè rẹ́rìn-ín tán, torí mo mọ àwọn tó ń jókòó nínú yàrá rédíò lónìí, tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń sọ ọ́ fún wa bíi pé koríko pápá wà lábẹ́ bàtà wọn. Ohun tí kámẹ́rà bá fi hàn wọ́n nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n yá ojú kámẹ́rà, wọ́n tún wá yá wa ní ojú olójú.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Okonkwo. Ohun tó ṣe tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe tó o lórílẹ̀-èdè yìí ni inagijẹ. Ọdẹ́gbàmí kàwé ẹ̀rọ ní Poli Ìbàdàn, Okonkwo sọ ọ́ di "Mathematical". Adokie Amiesimaka ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, ó di "Chief Justice"; ọkùnrin náà sì padà di agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Rivers ní tòótọ́. Christian Chukwu, balógun ikọ̀ wa ní 1980, ni "Chairman". Aloysius Atuegbu ni "Blockbuster", ẹni tí í wó odi. Sylvanus Okpala ni "Quicksilver", tí ọwọ́ ò lè dì mú.

Àwọn kan rò pé àwàdà ni. Ẹ wò ó bó ṣe jẹ́. Ènìyàn mọ́kànlá wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, olùgbọ́ ò rí nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ. Bí o bá sọ pé Chukwu ló gba bọ́ọ̀lù, orúkọ lásán lo sọ. Bí o bá ní Chairman ló gbà á, mo ti rí ọkùnrin kan tó dúró lọ́wọ́ ẹ̀yìn, tí kò kánjú, tó ń fi ọwọ́ darí àwọn tó kù bí ẹni ń ṣe ìpàdé. Ohun tí oríkì ń ṣe nìyẹn. Oríkì kì í sọ orúkọ ẹni fún ọ, ó ń jẹ́ kí o rí i ni. Ọmọ Ígbò ni Okonkwo, Gẹ̀ẹ́sì ló ń fọ̀, ṣùgbọ́n létí tèmi, akígbe ni. Ó sì ń ki tọ̀tún-tòsì. Chukwu ń gbá fún Rangers ti Enugu, Ọdẹ́gbàmí ń gbá fún Shooting Stars wa n'Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, Rangers àti Shooting dà bí ológbò àti eku. Rangers ló lé wa dànù nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní 1977. Bàbá mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀, Bàbá gan-an ni wọ́n ń sọ fún ìyá mi ní 1980 pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Alága ló wà lẹ́yìn."

Okonkwo kú ní 1990. Inagijẹ wọ̀nyẹn ò tẹ̀ lé e lọ.

Nígbà tó kan èmi láti sọ bọ́ọ̀lù lédè Yorùbá fún ìgbà àkọ́kọ́, ní pápá Adámásingbà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ara mi jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń rò nínú, Yorùbá ni mò ń tú jáde. Mo ní, "Agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ àárín apá òsì ti ń gbìyànjú láti..." Bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn mi fọwọ́ kàn mí léjìká. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bọ́ọ̀lù ti lọ." Òótọ́ ni, bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ aṣọ́lé. Lẹ́yìn ìsinmi ni mo tó rí i pé èdè wa ti ní ohun tí mò ń wá kiri. Gbà, gbé, yí, là, gbá: sílébù kọ̀ọ̀kan. Ó gbà á, ó fàyà gbé e sílẹ̀, ó yí, ó là wọ́n láàárín, ó wòkè, ó gbá a! Bọ́ọ̀lù ò lè sáré ju ìyẹn lọ.

Ojú bàbá mi ò ríran mọ́ kí wọ́n tó papò dà. Lọ́jọ́ kan tí Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù, mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó tì wọ́n. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kì í sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà, wọ́n mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ń rí i. Bọ́ọ̀lù kan lọ kọlu irin òkè ilé. Mo ké, "Háà!"

Bàbá ní, "Háà kí ni?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá."

"Ó kù díẹ̀ kí ta ni ṣe kí ni?"

Kí n tó la ẹnu dáhùn, òmíràn tún ti ṣẹlẹ̀, mo tún ké, "Yéè!" Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń tá a kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí wọ́n fi kan rédíò wọn. Wọ́n ní, "Pa nǹkan yẹn, kóo bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ìwọ ń wò ó fún ara rẹ ni."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, mẹ́ta sódo ni.